Ọ̀fun Dídùn Nínú Kíláàsì: Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Dá Àwọn Àmì Rẹ̀ Mọ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé lórí àwọn àmì tí a fi ń dá ọ̀fun dídùn mọ̀, pàápàá jù lọ lára àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A lo àwọn ọ̀rọ̀-iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti mọ̀ nínú ẹ̀kọ́ fònẹ́tíìkì láti fi tọ́ka sí ibi tí àìsàn náà ti ń jà. A fi hàn pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀fun dídùn ni ó máa ń lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n pé oríṣi kan wà nínú wọn tí ó lè ba ọkàn ọmọdé jẹ́ títí ayé, àti pé olùkọ́ kíláàsì wà lára àwọn tí ó lè kọ́kọ́ fura sí i.

Ìfáàrà

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ni àwọn àgbà wí. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọ̀kánjúwà ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ohun tí ọ̀fun dídùn kan ṣoṣo lè dà lára ọmọdé yóò gbà pé òwe náà gbòòrò ju bí a ti ń lò ó lọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ bojú wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Kíláàsì kẹrin ni mo wọ̀. Mo bá ọmọkùnrin kan lórí ìkúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ pátákó ìkọ̀wé. Ìwé kíkà ni iṣẹ́ ọjọ́ náà, ó sì ti kan ọmọ yìí láti kà sókè, ṣùgbọ́n kò kà á. Nígbà tí mo bi akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó ní, "Oríkunkun ni ó ń ṣe, sà. Ó mọ ìwé kà dáadáa." Mo pe ọmọ náà sọ́dọ̀. Ó ń ya itọ́ sínú aṣọ rẹ̀ nítorí pé kò lè gbé e mì. Ọrùn rẹ̀ gbóná, kókó méjì sì wú sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí mo ṣe fi ọwọ́ kàn án ni ó fà sẹ́yìn. Nígbà tí ó fẹ́ dá mi lóhùn, ohùn rẹ̀ dún bí ti ẹni tí ó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Inú akẹ́kọ̀ọ́ wa bàjẹ́ púpọ̀. Èmi náà kò lè bá a wí tó bí ó ti yẹ, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí a kọ́ ọ nípa ètò ẹ̀kọ́, ìṣàkóso kíláàsì àti ohun èlò ìkọ́ni, kò sí ibi tí a ti kọ́ ọ ní bí a ti ń mọ ọmọ tí ọ̀fun ń dùn yàtọ̀ sí ọmọ tí ó ń ṣe oríkunkun. Ohun tí ó mú kí n kọ iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Ibi tí àìsàn náà ti ń jà

Oore kan tí ẹ̀kọ́ fònẹ́tíìkì ṣe fún àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ni pé ó ti fún wa ní orúkọ àwọn ẹ̀yà ara ìfọ̀, àwọn ẹ̀yà ara wọ̀nyí kan náà sì ni ọ̀fun dídùn ń bá jà. Bí a bá la ẹnu, tí a sì wo inú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ahọ́n àti lẹ́yìn àfàsé, ògiri tí a rí ní ọ̀ọ́kán ni ti káà ọ̀fun. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu ọ̀nà káà yìí, ẹran kékeré méjì wà tí wọ́n dà bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ibodè. Àwọn wọ̀nyí ni tọ́ńsìlì. Iṣẹ́ wọn ni láti dá kòkòrò àìfojúrí tí ó bá bá oúnjẹ tàbí afẹ́fẹ́ wọlé dúró. Nísàlẹ̀ káà ọ̀fun ni gògóńgò wà, inú rẹ̀ sì ni tán-án-ná wà.

Ìpínyà yìí wúlò. Bí ó bá jẹ́ káà ọ̀fun tàbí tọ́ńsìlì ni àìsàn dé sí, ìrora nígbà tí a bá ń gbé nǹkan mì ni aláìsàn yóò kọ́kọ́ ráhùn sí. Bí ó bá jẹ́ gògóńgò ni, ohùn ni yóò kọ́kọ́ yí padà: yóò há, tàbí kí ó pa pátápátá, bẹ́ẹ̀ ìrora lè má pọ̀. Ọmọ tí ó ń sọ̀rọ̀ ketekete ṣùgbọ́n tí kò lè jẹun, àti ọmọ tí ó ń jẹun ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ há, kì í ṣe àìsàn kan náà ni ó ń ṣe wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé "ọ̀fun ń dùn mí" ni àwọn méjèèjì yóò wí.

Èdè wa náà ń bá wa pín in bí a bá tẹ́tí sí i. Ẹni tí ó ní ọ̀fun ń yún òun kò sọ ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ní ọ̀fun ń ta òun. Yíyún sábà máa ń bá ọ̀fìnkìn, eruku àti ọyẹ́ rìn. Títa máa ń tẹ̀lé ata, èéfín, tàbí omi kíkan tí ó ń ti inú gòkè wá sí ọ̀fun lóru. Dídùn gan-an, èyí tí ó ń le sí i bí a bá ti ń gbé itọ́ mì, ni ó yẹ kí a wò dáadáa. Olùkọ́ tí ó bá bi ọmọ léèrè pé, "Ṣé ó ń yún ọ ni, àbí ó ń ta ọ́, àbí ó ń dùn ọ́ bí o bá gbé itọ́ mì?" ti ṣe ìdajì iṣẹ́ àyẹ̀wò.

Ohun tí ó ń fà á

Fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn irú kòkòrò tí ó ń fa ọ̀fìnkìn, ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀fun dídùn, ní ara àgbà àti ọmọdé. Kò sí oògùn tí ń pa irú èyí. Ara ni yóò lé e lọ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn wọn ni bakitéríà, èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn sì ni Streptococcus ẹgbẹ́ A. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí ọ̀fun ń dùn, bakitéríà yìí lè wà lẹ́yìn ti bíi méjì sí mẹ́ta. Lára àgbàlagbà, kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó fẹ́ràn jù, ìyẹn àwọn ọmọ tí ó wà níwájú wa ní kíláàsì gan-an. Itọ́ tí ó ń fò jáde bí a bá wúkọ́ tàbí tí a sín ni ó fi ń rìn. Ó máa ń tó ọjọ́ méjì sí márùn-ún lẹ́yìn tí ọmọ ti kó o kí àmì tó hàn. A lè wá fi ojú inú wo kíláàsì tí ọgọ́ta ọmọ fún ara wọn mọ́ inú rẹ̀, tí gbogbo wọn sì ń fi ife kan ṣoṣo bu omi mu nínú kòkò.

Kì í ṣe kòkòrò nìkan. Ọyẹ́ máa ń gbẹ ọ̀fun. Èéfín igi ìdáná àti ti sìgá ń fà á. Egungun ẹja pẹ̀lú ń fà á, èyí kò sì ṣòro láti mọ̀: ìrora náà bẹ̀rẹ̀ lójijì lẹ́nu oúnjẹ, ojú kan ṣoṣo ni ó sì wà. Àṣà kí a máa ki òkèlè ẹ̀bà ńlá mì láti fi tì í lọ kò dára rárá, nítorí pé ó lè ti egungun náà wọ inú ẹran jìnnà sí i. Ilé ìwòsàn ni kí a lọ kí wọ́n yọ ọ́.

Àwọn àmì tí ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ti ń wo ọ̀fun. Kí ọmọ jókòó kọjú sí ojú fèrèsé, tàbí kí a tan tọ́ọ̀ṣì. Kí ó la ẹnu, kí ó sì pe fáwẹ̀lì [a] gùn gbọọrọ. Olùkọ́ Yorùbá mọ ìdí rẹ̀: fáwẹ̀lì ayanupè ni, ahọ́n yóò wálẹ̀, àfàsé yóò gbéra sókè, káà ọ̀fun yóò sì hàn gbangba. Bí ahọ́n bá ṣì dí wa lọ́wọ́, a lè fi ìdí ṣíbí tí ó mọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń da itọ́ tí kò lè gbé mì, tí èémí rẹ̀ sì ń dún tàbí tí ó ń ṣòro fún un láti mí, kí a má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu rárá. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè dí mọ́ wa lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn ni ó kàn lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀fun dídùn tí fáírọ́ọ̀sì fà máa ń bá àwọn ẹbí rẹ̀ wá. Imú ń ṣomi, ọmọ ń sín, ó ń wúkọ́, ojú rẹ̀ lè pọ́n, ohùn rẹ̀ lè há. Ọ̀fun rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń ṣàìsàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn ni ó ń ṣe é.

Ti Streptococcus kì í yọ́ kẹ́lẹ́ wá bẹ́ẹ̀. Òjijì ni ó máa ń dé. Ọmọ tí ó ń sáré kiri ní àárọ̀ lè di ẹni tí kò lè gbé itọ́ mì ní ìrọ̀lẹ́. Ara rẹ̀ gbóná. Orí ń fọ́ ọ. Inú lè máa run ún, ó sì lè bì, èyí tí ó máa ń ṣi àwọn òbí lọ́nà nítorí pé ọmọdé lè má tilẹ̀ dárúkọ ọ̀fun rárá, inú nìkan ni yóò máa tọ́ka sí. Bí a bá wo ọ̀fun rẹ̀, tọ́ńsìlì wú, ó pọ́n, àwọn àbàwọ́n funfun tàbí ọyún sì lè wà lára rẹ̀. Àwọn kókó abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú, wọ́n sì ń dùn ún bí a bá fọwọ́ kàn wọ́n. Àmì tí a sábà máa ń gbójú fò ni èyí tí kò sí níbẹ̀: ọmọ náà kì í wúkọ́, imú rẹ̀ kì í ṣomi.

Ní ọdún 1981, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Robert Centor, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yan mẹ́rin nínú àwọn àmì wọ̀nyí pé àwọn ni ó tọ́ka jù lọ sí bakitéríà náà lára àgbàlagbà: ibà, ọyún lára tọ́ńsìlì, kókó iwájú ọrùn tí ó wú tí ó sì ń dunni, àti àìsí ikọ́. Ní ọdún 1998, McIsaac ní orílẹ̀-èdè Kánádà fi ọjọ́ orí kún un, kí a lè lò ó fún ọmọdé pẹ̀lú. Mo mẹ́nu ba èyí kí olùkọ́ má baà rò pé òun lè fi ojú lásán ṣe ìdájọ́. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tilẹ̀ pé sára ènìyàn kan, bí ìdajì ìgbà péré ni àyẹ̀wò máa ń fi hàn pé Streptococcus ni. Òwú tí a fi nu ọ̀fun, tí a sì gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ni ó lè sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ kì í ṣe láti dárúkọ àìsàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ọmọ tí ó yẹ kí òbí rẹ̀ gbé lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kì í ṣe ọ̀la.

Nígbà mìíràn, ara ọmọ náà yóò sú. Àwọn ìwé tí a kọ ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun máa ń sọ pé ara yóò pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Lára ọmọ aláwọ̀ dúdú, ojú lè má rí pípọ́n náà. Ọwọ́ ni yóò mọ̀ ọ́n: bí a bá fi ọwọ́ pa àyà tàbí ikùn ọmọ náà, yóò rí gàràgàrà bí ewé ìpín. Ahọ́n rẹ̀ pẹ̀lú lè pọ́n kí ó sì rí ṣákiṣàki.

Ohun tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ

Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé ọ̀fun náà lè san fúnra rẹ̀ láìlo oògùn kankan. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan, ibà yóò lọ, ọmọ yóò máa jẹun, gbogbo ilé yóò sì dúpẹ́. Ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Nígbà tí ara bá ń bá Streptococcus jà, àwọn ohun ìjà tí ó rọ lè ṣi ọ̀nà, kí wọ́n sì kọjú sí ara fúnra rẹ̀. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ̀fun, ibà mìíràn lè dé, tí a ń pè ní ibà rumátíìkì.

Orókún ọmọ yóò wú, yóò sì máa ro ó. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ orókún yóò san, ọrùn ẹsẹ̀ yóò gbà á. Bí èyí bá lọ, ìgúnpá lè bẹ̀rẹ̀. Ní àdúgbò tiwa, "làkúrègbé" ni wọn yóò pè é, tàbí kí wọ́n ní ọmọ náà ṣubú níbi tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn oríkèé yìí yóò san láìsí àpá. Ọkàn ni kì í san bẹ́ẹ̀. Àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké tí ó wà nínú ọkàn, tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n sì ń tì kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn, ni àìsàn náà máa ń mú. Wọn yóò nípọn, wọn yóò há, tàbí kí wọ́n má lè tì dáadáa mọ́. Ó lè gba ọdún púpọ̀ kí èyí tó hàn. Ọmọ tí ó ń sáré tẹ́lẹ̀ yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá gun òkè díẹ̀. Òmíràn kì í mọ̀ títí ó fi lóyún, tí iṣẹ́ ọkàn wá di ìlọ́po. Àìsàn ọkàn yìí ṣì wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà kò sì yọ sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, àpéjọ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ẹnu kò pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè gbógun tì í.

Ẹ̀ka kan wà nínú ibà rumátíìkì tí ó jẹ́ pé olùkọ́ ni ó lè kọ́kọ́ rí i ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó lè dé ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn ọ̀fun dídùn, ó sì wọ́pọ̀ lára ọmọbìnrin ju ọmọkùnrin lọ. Ọwọ́ ọmọ yóò máa ṣe ségesège láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bírò yóò máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tí ó ti gún régé tẹ́lẹ̀ yóò dàrú. Yóò máa yọ ojú àti ẹnu, olùkọ́ yóò sì rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Yóò máa sunkún láìnídìí. Pàṣán kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìwé ọmọ náà ti oṣù méjì sẹ́yìn wé ti òní yóò rí ẹ̀rí tí dókítà yóò dúpẹ́ fún.

Kíndìnrín náà lè fara gbá a. Ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn ọ̀fun dídùn, bí ojú ọmọ bá wú ní àárọ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí omi tíì tí kò ní mílíìkì, kí a tètè gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Ohun tí ó dùn mọ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọwọ́ lè tètè ká a. Pẹnisílínì, tí Alexander Fleming ṣàwárí ní ọdún 1928, ṣì ń pa Streptococcus ẹgbẹ́ A títí di òní. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọmọ, a lè dènà ibà rumátíìkì. Oníhóró ni, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni a ó fi lò ó. Alábẹ́rẹ́ wà pẹ̀lú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń gún un. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, kò ní lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́, ó sì lè padà sí kíláàsì bí ara rẹ̀ bá ti le. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí òbí dá oògùn dúró ní ọjọ́ kẹta nítorí pé ọmọ ti ń jẹun, kí ó sì tọ́jú èyí tí ó kù de àìsàn mìíràn. Ó yẹ kí olùkọ́ máa béèrè ní ọjọ́ kẹfà àti ọjọ́ kẹjọ pé, "Ṣé o lo oògùn rẹ láàárọ̀ yìí?"

Àwọn àmì tí kò gba ìjáfara

Bí ọmọ kò bá lè la ẹnu tán, tí ohùn rẹ̀ rí bí ti ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìfáàrà, tí ìrora sì pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, ọyún lè ti gbá jọ sí ẹ̀yìn tọ́ńsìlì rẹ̀. Dókítà ni yóò fa á jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà fi wà ní ilé ìwòsàn.

Bí a bá rí awọ eléérú tí ó lẹ̀ mọ́ tọ́ńsìlì tàbí ògiri káà ọ̀fun, tí ọrùn ọmọ sì wú bí ti akọ màlúù, dìfitíríà ni kí a fura sí. Kí a má ṣe họ awọ náà, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa dà. Púpọ̀ nínú wa rò pé àìsàn yìí ti di ìtàn, títí ó fi bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, tí ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní ọdún 2023. Àwọn ọmọ tí wọn kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tán ni ó pa jù. Abẹ́rẹ́ náà ni a ń gún fún ọmọ ọwọ́ nígbà tí ó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá.

Ìkẹta ni ibà Lassa, èyí tí a ń fi orúkọ ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno pè láti ọdún 1969. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè ọya nìkan mọ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ẹdó wà lára ibi tí ó ti ń jà jù lọ́dọọdún, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Bí ibà ẹ̀fọn ni ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ara gbígbóná, àárẹ̀, orí fífọ́. Ọ̀fun dídùn tí ó le wà lára àwọn àmì tí ó lè mú kí a fura. Ẹni tí ó bá ti lo oògùn ibà ẹ̀fọn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí kò san, tí ọ̀fun sì ń dùn ún gan-an, pàápàá bí eku bá ń wọ ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí nílé rẹ̀, kò yẹ kí ó tún lọ ra oògùn ibà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ bẹ́lúbẹ́lú àti ìtọ́jú inú ilé

Bẹ́lúbẹ́lú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ọ̀fun tí ó wú. Àwọn kan ń lò ó fún tọ́ńsìlì, àwọn mìíràn ń lò ó fún ẹran ṣóńṣó tí ó rọ̀ láti ara àfàsé. Àìṣedéédéé inú ìlò ọ̀rọ̀ yìí kì bá tí jẹ́ nǹkan kan bí kò bá jẹ́ pé ó ń mú abẹ dání. Ẹran ṣóńṣó yìí ni àwọn olóòlà àti onígbàjámọ̀ ń gé fún ọmọ ọwọ́ ní ibi púpọ̀, pé òun ni ó ń fa ikọ́, èébì àti àìjẹun. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ àwọn baba wa, ṣùgbọ́n èyí kò ṣeé gbè. Ẹran náà wú nítorí pé ọ̀fun ń ṣàìsàn ni. Òun kọ́ ni ó fa àìsàn náà. Gígé rẹ̀ ti fa ẹ̀jẹ̀ dídà tí kò dáwọ́ dúró, abẹ tí kò mọ́ sì lè kó àrùn ipá sí ọmọ lára.

Àwọn ìtọ́jú ilé mìíràn wà tí kò ní ewu. Ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ nínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ọmọ tí ó ti gbọ́n gbé orí sẹ́yìn kí omi náà hó ní ọ̀fun rẹ̀, kí ó sì tu ú dànù, máa ń mú ìrora dínkù. Oyin dára, àyàfi fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹ̀kọ mímu dára fún ẹni tí kò lè jẹ òkèlè. Parasitámọ́ọ̀lù tí ó bá ọjọ́ orí ọmọ mu dára, ṣùgbọ́n kí a má fún ọmọdé ní asipirín. Èyí tí mo kórìíra jù ni kápúsù tẹtirasáíkílìnì tí wọ́n ń tà lẹ́yọ lẹ́yọ nínú mọ́tò àti lórí igbá. Òun kọ́ ni oògùn tí ó tọ́ fún Streptococcus, ó sì ń ba àwọ̀ eyín jẹ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ.

Ọ̀fun olùkọ́ fúnra rẹ̀

Kò ní dára kí a sọ̀rọ̀ ọ̀fun ọmọ kí a má sọ ti olùkọ́. Nígbà tí tán-án-ná bá wú, ó máa ń wúwo, kì í sì í gbọ̀n dọ́gba mọ́. Ohùn yóò wálẹ̀, yóò sì há. Fún olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò, ìnira lásán ni èyí. Fún olùkọ́ Yorùbá, iṣẹ́ gan-an ni ó bàjẹ́, nítorí pé gbígbọ̀n tán-án-ná ni ó ń fún wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Olùkọ́ tí ohùn rẹ̀ ti pa kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín igbá, igba, ìgbà àti ìgbá. Púpọ̀ nínú wa máa ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nígbà bẹ́ẹ̀, a rò pé à ń fún ọ̀fun ní ìsinmi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń fi ipá sọ wúyẹ́wúyẹ́ kí ó lè dé ẹ̀yìn kíláàsì, gògóńgò ṣì ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, ohùn ọ̀rọ̀ kò sì jáde síbẹ̀. Ó sàn kí a dákẹ́, kí a kọ iṣẹ́ sí ojú pátákó, kí a sì máa mu omi. Orógbó tí àwọn akéwì wa ń jẹ, ẹni tí ó bá fẹ́ lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má tìtorí rẹ̀ padà sí igbe kíké.

Bí ohùn bá há tí ó kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láìsí ọ̀fìnkìn tí a lè tọ́ka sí, kí olùkọ́ lọ rí dókítà ọ̀fun, etí àti imú kí ó wo tán-án-ná rẹ̀. Kókó lè ti hù sí i láti inú igbe ojoojúmọ́. Lára àgbàlagbà, pàápàá ẹni tí ó ń mu sìgá, ó sì lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ jẹjẹrẹ, èyí tí ó ṣeé wò bí a bá tètè rí i.

Ní ẹ̀ka tiwa, a ti fi wákàtí kan kún ìdálẹ́kọ̀ọ́ tí a ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó lọ fún ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni. Tọ́ọ̀ṣì kan, ṣíbí mélòó kan àti omi gbígbóná tí a fi ń fọ̀ wọ́n ni ohun èlò wa. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó kọjú sí fèrèsé, yóò pe fáwẹ̀lì [a], ẹnìkejì rẹ̀ yóò sì wo káà ọ̀fun rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ti ń yà sínú ìwé ìdánwò láti ọdún kìn-ín-ní.